Ẹṣin Funfun Ẹ̀yìn Fèrèsé

Sátidé, 1 Òkúdù

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi lónìí, mi ò sì rí ọwọ́ tí wọ́n fi pa á.

Fíìmù tí wọ́n yà láti ojú omi, inú ṣíbí àti gíláàsì mọ́tò la wò nínú ẹgbẹ́ wa, àwa mẹ́rin tí a máa ń pàdé wo fíìmù ní ṣọ́ọ̀bù férémù mi ní Sátidé. Kò síbi tí wọ́n ti fi ojú ènìyàn kan hàn wá ní tààrà, àfi bó ṣe ń hàn lára ohun tó ń dán. A pa ohùn rẹ̀ bí òfin ẹgbẹ́ ṣe wí. Olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní àwòrán yíyà, tó dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀, ló gbé òfin náà kalẹ̀: ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá wo fíìmù, ojú nìkan ló gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, kí orin àti ọ̀rọ̀ má baà máa fà wá lọ́wọ́ kiri. Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́ pé mo fara mọ́ ọn. Ojú mi ṣì dáa nígbà náà.

Lónìí, kùrukùru ni mo rí, ó mọ́lẹ̀ láàárín, ó dúdú létí. Mo jókòó síwájú bí mo ṣe máa ń jókòó, mo ń mi orí bí ẹni tó mọ ohun tó ń mi orí sí. Nígbà tó kàn mí láti sọ̀rọ̀, mo sọ ohun tí ìyàwó mi sọ fún mi ní Ọjọ́bọ̀ nígbà tí a jọ wò ó nílé: pé ọkùnrin tó ń po tíì dorí kodò nínú ṣíbí, àmọ́ obìnrin tó jókòó tì í kò dorí kodò, bí ẹni pé ayé tirẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ohùn nìkan ni mo fi kún un.

Apòògùn pariwo pé, "Ojú Àwòdì! Ojú yìí kì í ṣe ojú lásán." Awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tó dàgbà ju gbogbo wa lọ, gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo fọwọ́ tá ògiri títí mo fi rí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi tì.

Túsìdeé, 4 Òkúdù

Òjò láti àárọ̀. Gíláàsì tún ti gbówó lórí. Mo gé ti férémù àwòrán ìgbéyàwó kan, ó wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo gé òmíràn, ìyẹn náà wọ́. Ìkẹta ni mo fi ìka tẹ̀ lé rúlà, tí mo rọra ń fa ọ̀bẹ gíláàsì lọ bí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, kó tó bọ́ sí i. Mo ti àwọn méjì tó bàjẹ́ sábẹ́ tábìlì, mo fi àpò bò wọ́n. Nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi ni mo ti ń ṣe bí olè.

Dókítà ti sọ ọ́ fún mi lóṣù tó kọjá, kò sì fi ọ̀rọ̀ bọpobọyọ̀. Ó ní omi inú ojú ló ń fún un pa láti inú. Èyí tó ti lọ ti lọ. Èyí tó kù ni iṣẹ́ abẹ lè bá mi dì mú, kí n má sì jẹ́ kó pẹ́. Mo ní màá padà wá. Nígbà tí mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé awò ni wọ́n ní kí n pààrọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 Òkúdù

A wo ti Sátidé tó ń bọ̀. Nítorí pé ọwọ́ mi ni fíìmù ẹgbẹ́ máa ń wà, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ti ń wò wọ́n ṣáájú.

Kámẹ́rà ò kúrò lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Yàrá kan, fèrèsé kan. Ìdílé kan ń wọlé, wọ́n ń jáde, ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń yí padà lára ògiri. Ìyàwó mi fẹ̀yìn ti àga, mo jókòó tì í, mo ń bi í léèrè.

"Kí ló ń ṣẹlẹ̀ báyìí?"

"Ògiri ti pọ́n."

"Pọ́n bíi kí ni?"

"Bíi búrẹ́dì tó kù díẹ̀ kó jiná, Dádì."

Ilé búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ràn bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá ó dákẹ́. Mo ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, kí ló tún kù?" Ó tún dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ẹṣin kan ti dúró sẹ́yìn fèrèsé. Ẹṣin funfun. Kò ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń wo inú ilé ni."

Orí mi wú. Mo ní, "Àwọn ará ilé ńkọ́?"

Ó ní, "Wọn ò rí i."

Mo ń tún un sọ lábẹ́nu títí oorun fi gbé mi lọ. Mo ti mọ bí màá ṣe gbé e kalẹ̀ ní Sátidé.

Sátidé, 8 Òkúdù

Ojú ń tì mí láti kọ èyí, ṣùgbọ́n màá kọ ọ́.

Nígbà tí fíìmù parí, Olùkọ́ tan iná, ó ní kí kálukú sọ ohun tó rí. Apòògùn sọ̀rọ̀ lórí ìmọ́lẹ̀, ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe máa ń pẹ́. Awakọ̀ ní òun gbádùn ti òní gan-an nítorí kò sẹ́ni tó ń sáré nínú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ayé òun lòun fi sáré lójú títì, ẹ jẹ́ kí òun náà jókòó wo ògiri. A rẹ́rìn-ín. Ó wá kàn mí.

Mo ní, "Ẹ̀yin ò tíì mẹ́nu ba ẹṣin."

Àga dún bí wọ́n ṣe yí sọ́dọ̀ mi. Mo sọ ọ́ fún wọn: ẹṣin funfun tó dúró sẹ́yìn fèrèsé, tí àwọn ará ilé kò rí, tí àwa náà ò ní rí bó bá jẹ́ ibi tí gbogbo ayé ń wò làwa náà ń wò. Mo fi kún un pé àwa tí à ń wo fíìmù gan-an ni ẹṣin náà. Ìyẹn jẹ́ tèmi, ó sì dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Apòògùn ló kọ́kọ́ lahùn. "Mo rí i! Mo rò pé ojú ló ń tàn mí ni."

Olùkọ́ ní, "Bí èéfín báyìí, àbí, Ẹ̀gbọ́n? Lápá òsì?"

Mo ní lápá òsì ni.

Awakọ̀ ní, "Ẹṣin wo? Èmi ò rí ẹṣin kankan o."

"Ẹ ti sùn lọ ni, Ẹ̀gbọ́n," Apòògùn dá a lóhùn.

"Mi ò sùn. Fèrèsé yẹn gan-an ni mo tejú mọ́. Ẹ yí i padà sẹ́yìn ká wò ó."

Olùkọ́ kọ̀. Òfin ẹgbẹ́ ni pé a kì í yí fíìmù padà. Ohun tí ojú bá gbójú fò, ó dìgbà ìwòkejì, nígbà tí a bá wò ó tòun tohùn. Mo yára gbè é lẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ni ǹ bá ti pa ẹnu mi mọ́. Èmi tí mò ń fọwọ́ tá ògiri kí n tó rí ilẹ̀kùn, èmi náà ni mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dà bíi pé ojú yín ti ń dàgbà o. Ẹ rọra máa wa mọ́tò yẹn, ẹ dákun."

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ó gbìyànjú láti bá wa rín in, mo sì gbọ́ bí ẹ̀rín náà ṣe gé mọ́ ọn lẹ́nu. Mọ́tò yẹn ló fi sáré gbé ìyàwó mi lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí a bí àbíkẹ́yìn wa.

Sọ́ńdè, 9 Òkúdù

Òjò. Ìyàwó mi bi mí bí ẹgbẹ́ ṣe lọ. Mo ní ó lọ dáadáa.

Wẹ́sìdeé, 12 Òkúdù

Olùkọ́ ya ṣọ́ọ̀bù tòun ti ìwé ìpolówó. Ó ní mo ti ta òun jí. Ìwòkejì fíìmù onífèrèsé yẹn kò ní jẹ́ ti àwa mẹ́rin nìkan mọ́. Gbọ̀ngán ilé ìwé wọn la ó ti ṣe é, ní Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù tó ń bọ̀, gbogbo ará àdúgbò ni a ó sì pè. Ó na ìwé náà sí mi. Mo ní gọ́ọ̀mù wà lọ́wọ́ mi, kó bá mi kà á.

"Ẹṣin Tí Ojú Lásán Kò Rí," ó kà á pẹ̀lú ìdùnnú. "Ẹ wá bá wa wá a. Ojú Àwòdì ni yóò sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀."

Mo ní ó dáa. Kí ni ǹ bá tún sọ?

Kò tíì jìnnà tí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ojú fi pè. Àyè ti yọ fún iṣẹ́ abẹ mi ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ní kó bá mi sún un síwájú, mo ní ètò pàtàkì kan.

Ó ní, "Bàbá, ojú kì í mà ṣe bàtà tí ẹ máa ní kí wọ́n bá yín gbé sílẹ̀ dìgbà tí ẹ bá ráyè."

Mo rò ó pé bí aṣọ bá wà lójú mi lọ́jọ́ náà, ta ni yóò sọ̀rọ̀ ẹṣin? Mo kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí n lè rí bí ìrònú náà ṣe gọ̀ tó. Ó gọ̀. Síbẹ̀ mi ò pè wọ́n padà.

Sátidé, 15 Òkúdù

Awakọ̀ ò wá. Apòògùn ní ó ránṣẹ́ pé ara òun ò yá.

Fíìmù tí wọ́n yà láti òkè la wò, tó jẹ́ pé orí àwọn ènìyàn àti òjìji wọn nìkan là ń rí. Kò sẹ́ni tó ráyè rẹ̀. Ẹṣin ni Olùkọ́ àti Apòògùn ń jà lé lórí: ṣé ọ̀tún ló kọjú sí ni, àbí òsì? Apòògùn ní òun rí irun ọrùn rẹ̀ kedere. Olùkọ́ ní irọ́ ni, etí rẹ̀ nìkan ló hàn. Wọ́n ní kí n bá àwọn dá a. Mo ní ó kọ́kọ́ kọjú sí ọ̀tún, ó wá yí orí. Inú àwọn méjèèjì dùn, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́.

Àga Awakọ̀ wà níbẹ̀ lófìfo. Mo gbé ẹ̀wù mi lé e.

Túsìdeé, 18 Òkúdù

Ìyàwó mi dé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án, ìyẹ̀fun ṣì wà lápá rẹ̀. Mo ní kó jókòó kó bá mi tún ìparí fíìmù yẹn wò, kí n lè mọ ibi tí ẹṣin dúró gan-an, kí n má lọ ṣi ọ̀rọ̀ sọ nínú gbọ̀ngán.

"Ẹṣin wo?"

"Ẹṣin funfun, Màmá. Ẹ̀yìn fèrèsé."

Mo gbọ́ tó rọra jókòó. "Dádì, ẹ má bínú. Mo sùn lọ ni."

"O ṣe kí ni?"

"Láti ìgbà tí ògiri ti pọ́n yẹn ni mo ti sùn lọ. Nígbà tí ẹ ní kí ló tún kù, mo ta jí, mi ò mọ ibi tí wọ́n bá a dé. Mo kàn sọ ohun tó wá sí mi lẹ́nu."

"Fíìmù tó ṣáájú yẹn ńkọ́? Obìnrin tí kò dorí kodò nínú ṣíbí?"

"Mo rò pé mo sùn níbẹ̀ náà."

Mo fara ya. Mo ní ó ti sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́ láwùjọ àwọn ènìyàn gidi. Ó jẹ́ kí n pariwo tán.

"Báwo ni mo ṣe sọ yín di ẹni yẹ̀yẹ́? Ṣé ẹ ò sọ fún wọn pé èmi ni mo sọ ọ́ fún yín ni?"

Mo bọ́ awò mi, mo ń nù ún.

"Kí lẹ sọ fún wọn, Dádì?"

"Mo ní mo rí i."

"Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ látọjọ́ yìí?"

"Gbogbo rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín tó dùn ún gbọ́. "Ẹ ò rí nǹkan! Oorun mi ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún." Ó wá dìde, ó ń gbọn ìyẹ̀fun dà nù. "Kí àkùkọ tó kọ ni mo ti máa ń wà nídìí ààrò. Ẹ ò fìgbà kan bi mí rí pé ṣé oorun ń kùn ọ́. Kí ló tún kù, kí ló tún kù. Mo rò pé à ń bá ara wa ṣeré ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ ti gbà mí síṣẹ́." Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Awò tuntun yẹn ńkọ́, tí ò tíì dé?"

Mo ní ó ń bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 20 Òkúdù

Òní ló yẹ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Mo kan férémù méjì. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ sílẹ̀ fún mi, kò bá mi jókòó.

Sátidé, 22 Òkúdù

Mo ti pinnu pé màá sọ ọ́ lónìí. Mo ti ṣètò rẹ̀ lọ́kàn: màá dìde, màá ní, ẹ̀yin ènìyàn mi, kò sí ẹṣin. Mo tilẹ̀ gbá ṣọ́ọ̀bù mọ́ dáadáa, bí ẹni pé ilẹ̀ tó mọ́ lè mú kó rọrùn.

Olùkọ́ ló kọ́kọ́ wọlé, ó kó ìwé wá. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ti ya ẹṣin, ẹṣin lóríṣiríṣi, wọ́n fẹ́ kí n bá àwọn fi férémù sí wọn fún ọjọ́ náà. Ó ń tò wọ́n sórí tábìlì mi, ó ń sọ fún mi èwo ló rí báyìí, èwo ló rí bọ̀hún. Apòògùn ní ti ọmọbìnrin kan jọ èyí tí òun rí gẹ́lẹ́. Mo la ẹnu. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n wọn wọ́n."

Awakọ̀ ò tún wá. Kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀, èmi náà ò béèrè.

Wẹ́sìdeé, 26 Òkúdù

Ìka tí mo fi aṣọ dì ni mo fi ń kọ èyí.

Nígbà tí mo jí, apá òsì gbogbo nǹkan ti lọ. Kò ṣókùnkùn, kò kàn sí níbẹ̀ mọ́ ni. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀bẹ gíláàsì ya mí níka kí n tó mọ̀ pé ó wà nítòsí. Mo dì í, mo gba ilé ìwòsàn ojú lọ láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fa ọjọ́ mi wá sítòsí.

Mo ń wá ibi tí màá jókòó sí nínú yàrá ìdúró nígbà tí ẹnì kan ní, "Àbúrò, ibí yìí. Jókòó síbí."

Ohùn Awakọ̀ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ohun tí o sọ fún mi náà ni," ó dáhùn pẹ̀lú sùúrù. "O ní ojú mi ti ń dàgbà. Èmi ò mọ̀. Látọjọ́ yẹn, bí mo bá ti wà lójú títì, mo máa ń rò ó pé bí mi ò bá rí odindi ẹṣin, báwo ni màá ṣe rí ọmọ kékeré tó bá sá bọ́ sójú ọ̀nà? Àwọn ọmọ ọmọ mi ni mò ń gbé lọ sílé ìwé lójoojúmọ́, o kúkú mọ̀. Mo ti ta mọ́tò náà."

"Ẹ ti tà á kẹ̀?"

"Lọ́jọ́ Mọ́ńdè."

Mọ́ńdè. Sátidé tó ṣáájú rẹ̀ ni mo ní màá sọ̀rọ̀, tí mo wá ń wọn ẹṣin àwọn ọmọ iléèwé.

"Ìwọ ńkọ́, kí lo wá ṣe?"

"Férémù ni mo wá wọ̀n," mo ní. "Fún àwọn pátákó ara ògiri yẹn." Mo nawọ́ sí ògiri kan. Mi ò mọ̀ bóyá pátákó wà níbẹ̀.

Wọ́n pè é wọlé. Kò pẹ́ tó fi jáde, ó ń kùn. "Wọ́n ní ojú mi dáa ju ti ọ̀dọ́ lọ. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé mi."

"Ẹ wá rí i, Ẹ̀gbọ́n!"

"Rí kí ni? Ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́ ni. Ojú tí kò rí ẹṣin ni ẹ̀rọ ń sọ pé ó dáa?"

Nọ́ọ̀sì dé bá wa. "Bàbá oníférémù! Ẹ ti wá gbọ́ ti iṣẹ́ abẹ yín? Ẹ jẹ́ kí n dì yín lápá mú o, kí ẹ má tún lọ forí gbá ilẹ̀kùn bíi tọjọ́sí."

Awakọ̀ dìde. Ó wá fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ọwọ́ mi mú. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Pẹ̀lú ojú báyìí? Àbúrò, pẹ̀lú ojú báyìí lo fi rí ẹṣin yẹn?"

Àánú mi ló ń ṣe é. Ó tún ń yìn mí. Kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì ni mò ń tọrọ, ọ̀rọ̀ sì wà lẹ́nu mi, kò gùn, kò ṣòro, mi ò sọ ọ́. Mo tẹ̀ lé nọ́ọ̀sì lọ.

Dókítà yẹ ojú mi wò. Ó ní ojú òsì ti lọ. Ó ní bí mo bá ti wá lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún mi, bóyá òun ì bá rí díẹ̀ gbà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 27 Òkúdù

Mo sọ fún ìyàwó mi. Mi ò fi ọ̀kan pamọ́: ojú, ọjọ́ tí mo sún síwájú, Awakọ̀ àti mọ́tò rẹ̀. Mo rò pé yóò pariwo. Ó jókòó, ó sunkún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Nígbà tó sunkún tán, ó nu ojú, ó gbé fóònù, ó pe ilé ìwòsàn, ó sì bá wọn sọ̀rọ̀ bó ṣe máa ń bá àwọn tó ń gbé ìyẹ̀fun tó dọ̀tí wá fún un sọ̀rọ̀. Wọ́n fún wa ní Wẹ́sìdeé tó ń bọ̀.

Mo ní, "Màmá, o ò bínú?"

Ó ní, "Mò ń bínú. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ojú yín sílẹ̀ ná."

Sọ́ńdè, 30 Òkúdù

Mo lọ sílé Awakọ̀. Èmi nìkan ni mo lọ. Mo kọ̀ kí ìyàwó mi sìn mí. Mo tẹ̀ lé ògiri títí mo fi dé ibẹ̀.

Wọ́n ń fi omi àti ọṣẹ fọ ilẹ̀ iwájú ilé nígbà tí mo dé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fọ̀ ọ́. Ó ní epo mọ́tò tó ti ń kán síbẹ̀ látọdún gbọọrọ kò fẹ́ ṣí kúrò. Ó gbé àga fún mi.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹṣin."

"Kí ni o wí?"

"Kò sí ẹṣin nínú fíìmù yẹn. Mi ò rí nǹkan kan lọ́jọ́ náà, àní ògiri pàápàá mi ò rí. Ìyàwó mi ló máa ń bá mi wò ó, oorun gbé e lọ, ó sì fẹnu dá a. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo rí i. Mo ti mọ̀ pé kò sí ẹṣin kí ẹ tó ta mọ́tò yín. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́."

Mo gbọ́ tó gbé ìgbálẹ̀ ti ògiri.

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ìkejì le ju ìkíní lọ.

"Ìyẹn ni pé àwa méjèèjì ni a ò rí ẹṣin," ó wí. "Èmi sọ pé mi ò rí i. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀gbọ́n, màá wá ẹni tó rà á. Màá bẹ̀ ẹ́."

"Ó ti kùn ún láwọ̀ mìíràn. Ìlú mìíràn ló ti ń fi ṣiṣẹ́." Ó mú ìgbálẹ̀, ó tún gbé e ti ògiri. "Mo gbà ẹ́ gbọ́ ju ojú mi lọ, o gbọ́? Mo gbà ẹ́ gbọ́ ju dókítà lọ."

Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù yẹn, bí mo ṣe dàgbà tó. Kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n má dìde. Nígbà tó yá, ó dì mí ní ìgbọ̀nwọ́, ó ní, "Jẹ́ ká lọ, kí n sìn ẹ́ délé." Ẹsẹ̀ la fi rìn. Bí a bá dé ibi gọ́tà, á ní "gọ́tà." Bí a bá dé ibi òkúta, á ní "òkúta." Kò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn títí a fi dé ẹnu ọ̀nà mi.

Mọ́ńdè, 1 Agẹmọ

Mo pe Olùkọ́ lórí fóònù, mo sọ òótọ́ fún un. Ó gbọ́ mi dópin.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ abẹ yìí ló ń bà yín lẹ́rù. Èmi rí i."

"Olùkọ́, kò sí níbẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ fi hàn wá, a sì rí i. Apòògùn náà rí i. Ẹ lọ sinmi."

Mo pe Apòògùn. Ó ní bóyá èmi ni mi ò rí i, ṣùgbọ́n òun rí irun ọrùn rẹ̀. Mo gbé fóònù náà sílẹ̀. Irọ́ tí mo bí ti dàgbà, kò mọ̀ mí mọ́.

Túsìdeé, 2 Agẹmọ

Ọ̀la ni. Ẹ̀rù ń bà mí. Oòrùn yọ lónìí, mo rí i lára ògiri.

Sọ́ńdè, 7 Agẹmọ

Ìyàwó mi ló ń bá mi kọ èyí. Aṣọ bo ojú ọ̀tún mi, òsì ò sì wúlò mọ́. Dókítà ní iṣẹ́ náà yọrí sí rere. Bí wọ́n bá tú aṣọ yìí, ohun tó kù kò ní fẹ̀, á dà bí ẹni tó ń yọjú láti ihò kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n á dúró. Mo ní mo dúpẹ́. Ìyàwó mi ní kí n jẹ́ kí òun kọ ọ́ pé mo sunkún pẹ̀lú. Mo sunkún pẹ̀lú.

Awakọ̀ wá kí mi lónìí. Mi ò retí rẹ̀. Ó jókòó, ó gba omi mu, ó ròyìn ìpàdé àná fún wa. Ó ní gbọ̀ngán kún débi pé àwọn kan dúró lẹ́yìn. Wọ́n gbé ẹṣin àwọn ọmọ iléèwé kọ́ sára ògiri nínú férémù mi. Nígbà tí fíìmù parí, Olùkọ́ ní kí àwọn tó rí ẹṣin nawọ́ sókè. Ó ní ọwọ́ pọ̀, tọmọdé tàgbà.

"Mo bá dìde," ó wí. "Mo ní èmi ò rí i. Mo ní kò sí ẹṣin níbẹ̀."

"Kí ni wọ́n ṣe?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín. Apòògùn ní kí ẹnì kan bá Ẹ̀gbọ́n wa wá awò. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín."

Mo ní, "Ṣé ẹ sọ fún wọn pé èmi ni?"

"Rárá."

"Kí ló dé, Ẹ̀gbọ́n? Ẹ̀ bá ti sọ ọ́."

"Ìwọ lo ni ọ̀rọ̀ náà. Bí ara rẹ bá yá, kó o lọ sọ ọ́ níbẹ̀, níwájú gbogbo wọn."

Ó dúró díẹ̀ sí i. Ó mu omi rẹ̀ tán. Mo gbọ́ tí àga ṣí, mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí dé ojú ọ̀nà.

Mo bi ìyàwó mi pé irú ojú wo ló fi wò mí kó tó lọ. Mo ní ṣé ó ṣì ń bínú, àbí ó ti ń rọ̀, kó sọ fún mi. Ó pẹ́ kó tó dáhùn, mo tilẹ̀ rò pé ó ti sùn lọ. Ó ní òun ò sùn. Ó ní òun rí ojú rẹ̀ dáadáa, òun ò sì ní sọ ọ́ fún mi. Ó ní bí wọ́n bá tú aṣọ yìí, kí n dìde, kí n lọ sílé rẹ̀, kí n fi ojú tó kù mí wò ó.